Ìgbàlà Kì Í Ṣe Owó Iṣẹ́

Kò sí ẹ̀kọ́ Kristẹni tó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbé mì bí èyí tó sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ rere ni yóò gba ènìyàn là. Ìwà lẹ̀sìn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Wọ́n tún ní gbogbo ohun tí a bá ṣe láyé, a ó kúnlẹ̀ rò ó lọ́run. Ẹni tí wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ báyìí tọ́ dàgbà, tó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí oníwàásù ń sọ pé ìgbàgbọ́ nínú Jésù nìkan ni Ọlọ́run fi ń dá ènìyàn láre, kò ní ṣàì bi ara rẹ̀ pé: ṣé olè tó bá ti gbàgbọ́ ti bọ́ nìyẹn? Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ láìmọ Jésù ńkọ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ẹlẹ́sìn mìíràn nìkan. Inú ìjọ gan-an ni wọ́n ti ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ó sì ti sún mọ́ ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tí wọ́n ti ń fà á. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àgbéyẹ̀wò yìí ni pé ẹ̀kọ́ náà kò bá iṣẹ́ rere jà rí. Ohun tó ń bá jà ni kí ènìyàn máa fi iṣẹ́ rere ṣe owó tí yóò fi ra ojúure Ọlọ́run. Ìdí tí ìjà náà fi ṣe pàtàkì kò sì jìnnà: níbikíbi tí ìgbàlà bá ti di ohun títà, ẹnìkan yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti máa gba owó rẹ̀, tálákà ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ gbèsè.

Ìdí oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀. Nínú orí kejì ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Gálátíà, ó ròyìn bí Pétérù ṣe wá sí Áńtíókù, tó ń bá àwọn tí kì í ṣe Júù jẹun láìfi ṣe nǹkan kan. Nígbà tí àwọn kan dé láti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, àwọn Júù yòókù nínú ìjọ sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, títí kan Bánábà. Pọ́ọ̀lù kò dúró di ìkọ̀kọ̀. Ojú gbogbo ènìyàn ló ti bá a wí. Ó yẹ kí a wo ohun tó bí i nínú dáadáa. Pétérù kò fẹnu kọ́ni ní ẹ̀kọ́ èké kankan. Ó kàn dìde nídìí oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n dídìde yẹn ń sọ fún àwọn ará Áńtíókù pé ìgbàgbọ́ wọn kò tíì tó, pé ó ku nǹkan kan, bóyá ìkọlà, bóyá èèwọ̀ oúnjẹ, kí wọ́n tó lè di ọmọ ilé gidi. Ibẹ̀ gan-an, nínú ìròyìn ìjà yìí, ni Pọ́ọ̀lù ti kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ìdáláre nípa ìgbàgbọ́ kalẹ̀ nínú ìwé náà. Ẹ̀kọ́ tí àwọn onímọ̀ wá ń kọ ìwé ràbàtà-ràbàtà lé lórí lónìí, ọ̀rọ̀ pé ta ló lè bá ta jẹun ló bí i.

Èyí ló mú kí iṣẹ́ tí onímọ̀ Bíbélì E. P. Sanders tẹ̀ jáde ní 1977, lórí Pọ́ọ̀lù àti ẹ̀sìn àwọn Júù ilẹ̀ Palẹsitínì, mi ilé ẹ̀kọ́ ìsìn tìtì. Ó fi ìwé àwọn Júù ìgbàanì fúnra wọn hàn pé wọn kò gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni àwọn fi rí Ọlọ́run. Ọlọ́run ló kọ́kọ́ fi àánú yàn wọ́n. Òfin jẹ́ ọ̀nà tí ẹni tí a ti yàn yóò máa gbà gbé. James Dunn àti N. T. Wright tẹ̀ síwájú níbẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ òfin tí Pọ́ọ̀lù ń bá wí jù ni àwọn àmì tó ya Júù sọ́tọ̀: ìkọlà, èèwọ̀ oúnjẹ, ọjọ́ ìsinmi. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní, a jẹ́ pé Martin Luther, ará Jámánì tí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e ti ṣi Pọ́ọ̀lù gbọ́. Ní tèmi, àtúnṣe náà yẹ, ó sì pẹ́ kó tó dé. Ọ̀pọ̀ oníwàásù láti ìran dé ìran ló ti fi Júù ṣe àpẹẹrẹ ẹni tó ń ka iṣẹ́ rere rẹ̀ sí Ọlọ́run lójú, irọ́ náà sì ti ṣe jàǹbá púpọ̀. Luther fúnra rẹ̀ kọ ìwé burúkú kan lòdì sí wọn ní 1543 tí kò yẹ kí Kristẹni kankan gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àtúnṣe yìí kò wó ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Ní orí kẹrin ìwé Róòmù, Pọ́ọ̀lù kò sọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́. Alágbàṣe ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí owó rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ tí kì í ṣe ẹ̀bùn, ó sì fi Ábúráhámù dojú kọ ọ́, ẹni tí Ọlọ́run kà sí olódodo kó tó kọlà rárá. Bí àwọn iṣẹ́ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ pa láṣẹ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ kò bá lè di ohun ìyangàn níwájú rẹ̀, iṣẹ́ tí àwa fi orí ara wa yàn yóò ha ṣe é bí?

Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró sí àárín Júù àti àwọn tí kì í ṣe Júù. Ní nǹkan bí ọdún 400, ọkùnrin kan tó wá láti Bìrìtéènì, Pelagius, ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Róòmù. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó sì yẹ kí a gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ yé. Ó rí àwọn tó ti ṣe ìrìbọmi tí wọ́n ń gbé ìgbé ayé ìjẹkújẹ, tí wọ́n bá sì bá wọn wí, wọn a ní ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni àwọn. Pelagius ní Ọlọ́run kì í pàṣẹ ohun tí ènìyàn kò lè ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe rere, yóò ṣe é. Nígbà tó gbọ́ àdúrà kan nínú ìwé Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlùjéríà lónìí, níbi tí ó ti ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kó fún òun ní ohun tó ń pa láṣẹ fún òun, inú bí i gidigidi. Augustine dáhùn pé ìfẹ́ inú ènìyàn gan-an ló ń ṣàìsàn, pé ẹni tí kò lè fẹ́ rere kò lè fi fífẹ́ gba ara rẹ̀ là. Ìgbìmọ̀ ìjọ tó jókòó ní Carthage ní 418 dá ẹ̀kọ́ Pelagius lẹ́bi, ìgbìmọ̀ mìíràn ní Orange ní 529 sì fi kún un pé ìbẹ̀rẹ̀ ìgbàgbọ́ pàápàá, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Ó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún ọdún tí èyí fi ṣáájú Luther. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ lóde òní pé Àgùdà gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ ìgbàlà, wọn kò sọ òótọ́ nípa ìjọ náà.

Kí ló wá fa ìjà Luther ní Jámánì? Ẹ̀kọ́ kan tó rọ̀ létí ni. Nínú ìwé Gabriel Biel, tí wọ́n fi kọ́ Luther, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ, Ọlọ́run kò ní fi oore-ọ̀fẹ́ dù ú. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní gbà pé Ọlọ́run aláàánú ni? Kò béèrè ju agbára lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a fi sọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kì í sùn. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun ti ṣe ìwọ̀n tí agbára òun mọ? Luther wọ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Erfurt ní 1505. Ó gbààwẹ̀, ó ṣàìsùn, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí ó fi sú Johann von Staupitz tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Bó bá jẹ́wọ́ tán, yóò rántí èyí tó gbàgbé. Bó bá rántí, yóò ṣiyèméjì bóyá ìbànújẹ́ òun lórí ẹ̀ṣẹ̀ ti inú wá tàbí ìbẹ̀rù ìyà lásán ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi èyí pe Luther ní aláìsàn ọpọlọ. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà ló gbà gbọ́ dé góńgó, kò sì sí ibi mìíràn tí góńgó rẹ̀ wà. Níwọ̀n ìgbà tí ìdáhùn bá ti wà lọ́wọ́ ìwọ̀n tí mo ṣe, mi ò lè mọ̀ láéláé pé ó tó.

Ìbẹ̀rù tí kò lópin sì ni ọjà tó máa ń yá jù. Ní 1517, Johann Tetzel ń kiri ìwé ìdáríjì ní agbègbè Albrecht, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz. Wọ́n ń sọ fún ará ìlú pé ilé Pétérù Mímọ́ ní Róòmù ni wọ́n fẹ́ fi owó náà kọ́, èyí sì jẹ́ òótọ́ dé ìdajì. Ìdajì kejì ń lọ sọ́dọ̀ ìdílé Fugger ní Augsburg, àwọn olówó ńlá tí Albrecht yá owó lọ́wọ́ wọn kó tó lè dé ipò bíṣọ́ọ̀bù àgbà. Iye tí oníkálukú yóò san wà nínú ìwé ìlànà tó jáde lórúkọ Albrecht: ọba àti bíṣọ́ọ̀bù, gulden wúrà 25; olórí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ àti àwọn ìjòyè ńlá, 10; a ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ààbọ̀ gulden fún mẹ̀kúnnù. Kí n má baà ṣègbè, ìwé ìlànà kan náà ní kí ẹni tí kò ní lọ́wọ́ fi àdúrà àti ààwẹ̀ dípò owó. Ẹ̀kọ́ ìjọ náà kò sì sọ pé owó ń pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ìyà tó ṣẹ́ kù ní ibi ìwẹ̀nùmọ́ ni wọ́n ní ìwé náà ń dín kù. Ṣùgbọ́n ta ni nínú àwọn tó tò síbẹ̀ tó mọ ìyàtọ̀? Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti kú kò dúró gbọ́ àlàyé onímọ̀. Ohun tó gbọ́ ni pé ọmọ òun ń jìyà, pé owó lè yọ ọ́. Ìjọ Àgùdà fúnra rẹ̀ rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò dára, Póòpù Pius Karùn-ún sì fagi lé gbogbo ìdáríjì tó ní owó nínú ní 1567.

Ìgbìmọ̀ Trent, tó jókòó láti 1545 sí 1563, ló fún Luther àti àwọn tó tẹ̀lé e ní èsì tó lágbára jù. Ní 13 oṣù Kìíní ọdún 1547 wọ́n gbé ìwé kan jáde lórí ìdáláre, orí 16 àti òfin 33. Ọ̀pọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì kò kà á rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń jà pẹ̀lú òjìji. Ìwé náà sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí ohun tó ṣáájú ìdáláre, ìbáà ṣe ìgbàgbọ́ tàbí iṣẹ́, tó lè sọ oore-ọ̀fẹ́ di ẹ̀tọ́. Ibi tí ọ̀nà ti pín ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Trent ní ìdáláre kì í ṣe pé a pe ènìyàn ní olódodo lásán, a ń sọ ọ́ di olódodo nínú lọ́hùn-ún. Ó lè pọ̀ sí i, ó lè sọnù, iṣẹ́ rere ẹni tí oore-ọ̀fẹ́ ń tì lẹ́yìn sì yẹ fún ìyè àìnípẹ̀kun ní tòótọ́. Luther àti Melanchthon, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ní ẹni tí a dá láre ṣì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, ohun tó sì lè gbára lé lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ Krístì tó wà lóde rẹ̀, kì í ṣe àyípadà tó ń wá nínú ara rẹ̀. Mo gbà pé Trent rí nǹkan tó yẹ kí a rí: Ọlọ́run kì í pe ènìyàn ní olódodo kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Àmọ́ bí ìrètí mi bá tún padà sórí ìwọ̀n ìyípadà tí mo rí nínú ara mi, ibi tí Luther ti ń ṣàìsùn ní Erfurt náà ni mo tún padà sí.

Ẹni tó bá ti ń tẹ̀lé mi bọ̀ yóò ti máa fẹ́ bi mí léèrè Jákọ́bù. Ní orí kejì ìwé rẹ̀, ó sọ láìfi bò pé iṣẹ́ ni a fi ń dá ènìyàn láre, kì í ṣe ìgbàgbọ́ nìkan, Ábúráhámù kan náà tí Pọ́ọ̀lù fi ṣe ẹ̀rí ló sì pè ní ẹlẹ́rìí. Ìwé yìí ni Luther bẹnu àtẹ́ lù nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú Májẹ̀mú Tuntun rẹ̀ ní 1522, ó fi í wé koríko gbígbẹ. Àṣejù ni, kò sì ṣe ẹ̀kọ́ tirẹ̀ gan-an láǹfààní. Ẹ wo ẹni tí Jákọ́bù ń bá wí: ẹni tó rí arákùnrin tó wà ní ìhòòhò tí ebi sì ń pa, tó kí i pé ó dàbọ̀, kó lọ yáná kó sì yó, tí kò fún un ní nǹkan kan. Ìgbàgbọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní kò ju ti ẹ̀mí èṣù tó gbà pé Ọlọ́run wà tó sì ń gbọ̀n. Ẹni tí Pọ́ọ̀lù ń bá wí yàtọ̀ pátápátá: ẹni tó ní kí arákùnrin kọlà kó tó bá òun jókòó. Ọ̀kan kọ̀ láti fún ará ní oúnjẹ, èkejì kọ̀ láti bá ará jẹ ẹ́. Pọ́ọ̀lù àti Jákọ́bù, àwọn méjèèjì ń dá ààbò bo ẹni tí wọ́n ń lé sẹ́yìn ni. Ábúráhámù tí Jákọ́bù tọ́ka sí ni èyí tó mú Ísáákì lọ sórí òkè, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti kà á sí olódodo. Èyí tí Pọ́ọ̀lù tọ́ka sí ni èyí tó ń wo ìràwọ̀ tí kò tíì bímọ kankan.

Àtakò tó wúwo jù lọ ni pé ẹ̀kọ́ yìí yóò ba ìwà jẹ́. Pọ́ọ̀lù ti gbọ́ ọ nígbà ayé rẹ̀, ó sì dá a lóhùn ní orí kẹfà ìwé Róòmù. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe bí ẹni pé àtakò náà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí Luther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ àwọn ìjọ Saxony wò ní 1527 àti 1528, ohun tí wọ́n rí bà wọ́n nínú jẹ́. Àwọn ará abúlé tó ti gbọ́ ìyìn rere òmìnira kò mọ àdúrà Olúwa, ọ̀pọ̀ sì ti fi òmìnira náà ṣe ohun tó wù wọ́n. Luther kò fi èyí pamọ́. Ó kọ ọ́ síwájú Kátíkísìmù Kékeré tó ṣe ní 1529, Òfin Mẹ́wàá ló sì fi bẹ̀rẹ̀ Kátíkísìmù náà. Nígbà tí Johann Agricola, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń kọ́ni pé òfin kò ní iṣẹ́ kankan mọ́ nínú ìjọ, Luther bá a fà á láti 1537 lọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀kọ́ yìí ṣeé ṣì lò, òótọ́ ló sọ. Èwo nínú ẹ̀kọ́ rere ni kò ṣeé ṣì lò? Ohun tó yẹ kí a béèrè ni irú iṣẹ́ tó ń jáde lára ẹni tó gbà á gbọ́ dáadáa, ẹ̀rí sì wà fún èyí. Kí Luther tó dé, ẹni tó ń ta tálákà lọ́rẹ ń ṣe é púpọ̀ nítorí ọkàn ara rẹ̀. Alágbe wúlò, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni olówó ń gbà kó ẹ̀yẹ jọ sọ́run. Bí wọ́n ṣe mú ẹ̀yẹ kúrò níbẹ̀, ojú wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí tálákà fúnra rẹ̀.

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Leisnig fi èyí hàn gbangba. Ní 1523, ìjọ ibẹ̀ ṣe àpótí owó kan fún gbogbo ìlú, Luther sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé ìlànà rẹ̀. Àgádágodo mẹ́rin ni àpótí náà ní: kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ àwọn ìjòyè, ọ̀kan lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú, ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé. Kò sí ẹni tó lè dá a ṣí. Ènìyàn mẹ́wàá ló ń bójú tó o, àgbẹ̀ mẹ́ta wà nínú wọn, wọ́n sì ń pàdé ní ọjọ́ Ìsinmi láti wo ẹni tó nílò kí ni. Wọ́n fẹ́ máa fi owó náà tọ́ ọmọ òrukàn, kí wọ́n máa fi bọ́ arúgbó, kí wọ́n yá oníṣẹ́ ọwọ́ tí nǹkan kò lọ déédéé fún, kí wọ́n sì ra ọkà pamọ́ de ìyàn. Ètò náà kò lọ geere, nítorí ìgbìmọ̀ ìlú kò fẹ́ yọwọ́ lórí àwọn ogún ìjọ tó yẹ kó wọ inú àpótí. Ìyẹn náà jẹ́ ara ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń rò: bí ìgbàlà tèmi kò bá sí nínú owó tí mo fi sílẹ̀, nígbà náà ìbéèrè tó kù ni bóyá owó náà tó arúgbó yẹn jẹun di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn kan yóò ní Jésù fúnra rẹ̀ sọ ní orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìwé Mátíù pé iṣẹ́ ni a ó fi ṣèdájọ́: ẹni tó bọ́ ẹni tí ebi ń pa, ẹni tó bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò. Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ bo ìtàn yẹn mọ́lẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í dúró wò ni pé ẹnu ya àwọn tí a yìn. Wọn kò rántí ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ẹni tó ń kó iṣẹ́ rere jọ láti fi ra ọ̀run kì í gbàgbé. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀. Bákan náà ni ti Sákéù nínú orí kọkàndínlógún ìwé Lúùkù. Jésù ti ní òun yóò wọ̀ sílé rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti ń kùn, kó tó dìde dúró sọ pé òun yóò fi ìdajì ohun ìní òun fún tálákà, òun yóò sì san án ní ìlọ́po mẹ́rin padà fún ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ. Èyí náà ni mo rí bí èsì fún ẹni tó ní ẹ̀kọ́ yìí kò ka ẹni tí olè jà lólè sí: ìgbàlà tó wọ ilé Sákéù kò fi àwọn tó rẹ́ jẹ sílẹ̀ lófo. Ní ti ẹni rere tí kò mọ Jésù, ìjọ kò fohùn ṣọ̀kan. Ìgbìmọ̀ Fátíkàn Kejì sọ ní 1964 pé ẹni tí kò mọ ìyìn rere láìṣe ẹ̀bi tirẹ̀, tó sì ń fi òótọ́ inú wá Ọlọ́run, lè rí ìgbàlà; ọ̀pọ̀ àwọn ajíhìnrere kò gbà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìwé Fátíkàn yẹn gan-an fi oore-ọ̀fẹ́ ṣe ìdí rẹ̀, kò sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó ní kí n má ka iṣẹ́ tèmi sí Ọlọ́run lójú kò fún mi láyè láti jókòó máa bá ẹlòmíràn ṣírò tirẹ̀.

Ní 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1999, àwọn Àgùdà àti Àpapọ̀ Ìjọ Lutheran Àgbáyé fọwọ́ sí ìwé kan ní Augsburg. Àwọn méjèèjì jọ jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan ni Ọlọ́run fi ń gbà wá, nínú ìgbàgbọ́ sí iṣẹ́ Krístì, kì í ṣe nítorí ẹ̀tọ́ kankan tí a ní, àti pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń sọ ọkàn wa dọ̀tun tó sì ń pè wá sí iṣẹ́ rere. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2006, àwọn ìjọ Reformed ní 2017. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yọ̀. Ju ọgọ́rùn-ún ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ ìsìn ní Jámánì ló ti takò ó kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n ní wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyàtọ̀ tó ṣì wà. Wọ́n ní ìdí. Síbẹ̀, ẹni tó bá ṣì ń wàásù lónìí pé ọ̀kan nínú ìjọ méjèèjì ń fi iṣẹ́ ra ọ̀run, pé èkejì sì kórìíra iṣẹ́ rere, kò lè sọ pé àwọn tó ń bá wí kò tíì fèsì.

Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ yìí ló gbé ìyìn rere dé ọ̀dọ̀ wa. Níbi tí wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Luther kọ sí ìwé Róòmù ni John Wesley wà ní òpópónà Aldersgate ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1738, nígbà tí ìdánilójú wọ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ sì dé Àgbádárìgì ní 1842. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther yóò gbé apá kan Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá ní 1850, ìwé Róòmù ni. Ẹ̀kọ́ Kọkànlá nínú Ẹ̀kọ́ Mọ́kàndínlógójì ìjọ Áńgílíkà sọ ohun kan náà nípa ìdáláre nípa ìgbàgbọ́, Ẹ̀kọ́ Kejìlá sì gbé iṣẹ́ rere tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí èso ìgbàgbọ́. Nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé àwa kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń lọ lọ́pọ̀ ìjọ wa lónìí. Wọ́n ń pe ìrúgbìn: àwọn tó máa gbin iye báyìí kí wọ́n bọ́ síwájú, àwọn tó máa gbin ìdajì rẹ̀ kí wọ́n dúró sẹ́yìn wọn. Ìwé ìlànà Albrecht náà to ènìyàn báyìí, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní. Èyí tí à ń rí kì í sábà fi àyè sílẹ̀. Èyí tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀ ti di iṣẹ́. Obìnrin tó ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ, ọkùnrin tí àtọ̀gbẹ ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní ìgbàgbọ́ rẹ kò tó ni. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, ó ra òróró, ó ṣe àìsùn, wọ́n ṣì ń sọ pé kò tó. Ìwọ̀n tí agbára rẹ mọ tí Biel sọ ló tún padà dé, aṣọ ìgbàgbọ́ ni wọ́n wọ̀ fún un.

Àtakò ìkẹyìn sì nìyí, òun ni mo kà sí èyí tó mú jù: bí ó bá jẹ́ ìgbàgbọ́ ló ń gbani là, ṣé ìgbàgbọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ni? Calvin fèsì sí i nínú ìwé kẹta Institutes rẹ̀, ó fi ìgbàgbọ́ wé ìkòkò òfìfo: kò ní iye kan lórí fúnra rẹ̀, ohun tí a rọ sínú rẹ̀ ni gbogbo iye rẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ìtumọ̀ nínú kí a máa wọn ìgbàgbọ́ ẹnì kan bí a ti ń wọn ọkà. Orí kẹsàn-án ìwé Máàkù ló fi í hàn jù. Bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàárẹ̀ wá, ó sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé pé ìgbàgbọ́ òun kò pé, kí Jésù ran òun lọ́wọ́. Jésù kò rán an lọ gbààwẹ̀ kún un, kò sì ní kó padà wá nígbà tó bá tó. Ọmọ náà ló kọjú sí. Àwọn ìjọ tó fọwọ́ sí Ẹ̀kọ́ Kọkànlá, àwọn tó ń kọrin oore-ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó yẹ kí wọ́n sọ èyí fún ọkùnrin tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ yẹn, kí wọ́n sì sọ ọ́ kó tó yọ owó kankan lápò.